Nítorí ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko, Bàbá Ìbejì fẹ́ẹ́ ra ọkọ̀ olówó gọbọi, ìyàwó ẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́

Bí ọkọ àti ìyàwó ò bá bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ohun tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ rò ni pé obìnrin mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n rò ó l'Ùpenmẹn nígbà tí ìyàwó awakọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ síwájú ọkọ ẹ̀ láì kí i káàbọ̀. Àwọn tó máa ń fetí kọ́ ògiri ti ń dárúkọ obìnrin tí wọ́n fura sí lóríṣiiríṣii. Àṣé irọ́ ni. Obìnrin kọ́ ló wà láàrin wọn, mọ́tò ni. Ká tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, táyà méjì ni. Ṣé kí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ẹ́ rà jẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń fa táyà méjì péré, àbí kó jẹ́ èyí tó ń fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí àwọn onímọ́tò ń pè ní fọ́wíìlì?

Orúkọ ọkùnrin náà ò ṣe pàtàkì, torí irú ẹ̀ pọ̀ jántirẹrẹ káàkiri Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Bàbá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọjọ́ tí kò bá sí ọjà, èrò ló ń gbé láti Ùpenmẹn lọ s'Ọ̀wọ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀nà oko ló ń forí lé, kó lè kó iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó àwọn tó ń gbé ní abà jáde. Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace tó ń wà ti gbó débi pé bí wọ́n bá fẹ́ẹ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di fèrèsé mú. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ó yẹ kó ra òmíràn. Èwo ni kó wá rà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Owó tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi rà á kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ìdajì ẹ̀ wá látinú àjọ tí ìyàwó ẹ̀ fi ọdún mẹ́ta dá nídìí gàárì tó ń tà l'Ọjà Ọba, l'Ọ̀wọ̀. Ìdajì tó kù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni Bàbá Ìbejì ti yá a. Ẹni tó bá sì ti yáwó alájẹṣẹ́kù rí mọ̀ pé ìparí oṣù kì í gbàgbé èèyàn. Òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn, wọ́n máa dá a padà ni. Mọ́tò tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjà ló ń bọ̀ yẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ l'Àkúrẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Toyota Sienna méjì ló wà nílẹ̀, àwọ̀ kan náà, ọdún kan náà. Táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń fa nínú ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa nínú ìkejì. Owó ìkejì fi ₦600,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń tà á nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí dáadáa o. Ẹrọ̀fọ̀ kankan ò lè mú un. Jíìpù tó wọ aṣọ bọ́ọ̀sì ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá Ìbejì lára. Ó délé, ó ní fọ́wíìlì lòun máa rà. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ₦600,000? Nítorí ẹrọ̀fọ̀? Àbí ẹ fẹ́ káyé máa pè yín ní onijíìpù ni?" Ọkùnrin náà ò fèsì. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìyẹn.

Ká má parọ́ mọ́ ọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn, irú ọkọ̀ tó ń tà wà lóòótọ́. Láti ọdún 1997 ni Sienna ti dé ọjà l'Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ti ọdún 2004, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tó ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Nítorí yìnyín ni. Láwọn ìpínlẹ̀ bíi Minnesota àti Michigan, nígbà òtútù, yìnyín máa ń bo títì bíi pé ẹnì kan da òwú sílẹ̀, táyà á sì máa yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ilá. Ìyá tó fẹ́ẹ́ gbé ọmọ lọ síléèwé nínú yìnyín ni wọ́n ṣe mọ́tò yẹn fún, kì í ṣe bàbá tó fẹ́ẹ́ kó iṣu jáde ní abà. Bí wọ́n bá wà á wà á tó sú wọn, wọ́n á tà á, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á gúnlẹ̀ s'Èkó, ibẹ̀ la sì ti máa pe orúkọ mìíràn mọ́ ọn.

Èyí ló fà á tó fi yẹ kí ẹni tó ń ra mọ́tò béèrè pé, níbo ni wọ́n ti lò ó, kí sì ni wọ́n ṣe é fún? Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ohun tó wà lọ́kàn Bàbá Ìbejì ju ìyẹn lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ló tó sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó abọ́ kúrò nílẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ó jọ pé o ti gbàgbé alẹ́ ọjọ́ tí mo sùn sínú igbó." Obìnrin náà dúró tàbọ́tàbọ́. Kò gbàgbé.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé lágbègbè yẹn mọ ohun tí oṣù kẹsàn-án jẹ́. Òjò á kọ́kọ́ le nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àfi bíi pé ó lọ mú nǹkan wá nílé, ìgbà tó bá padà dé nínú oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mumi yó, kò tún gba omi mọ́. Òru ọjọ́ yẹn ni wọ́n pe Bàbá Ìbejì pé obìnrin kan ń rọbí ní abà, kó bá wọn gbé e lọ sí Federal Medical Centre tó wà l'Ọ̀wọ̀. Ó gbé Hiace ẹ̀, ó lọ, ó sì gbé e lóòótọ́. Ibi odò kékeré tó gba àárín ọ̀nà náà kọjá ni mọ́tò ti kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń yí, ẹrọ̀fọ̀ ń fò dé orí gíláàsì, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Obìnrin náà ń pariwo lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà kan ló fi òjò ṣẹ́ra. Wọ́n gbé aláboyún náà sáàrin ọlọ́kadà àti ọkọ ẹ̀, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ lọ bí ẹni ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Wọ́n délé ìwòsàn. Ó bí, ìyá yè, ọmọ yè.

Bàbá Ìbejì ní tòun sùn sínú bọ́ọ̀sì tòun tàdá létí itan. Kì í ṣe ojo ló ń ṣe é. Lọ́dún 2020, ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, lágbègbè Ẹlẹ́gbẹ́kà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n, ni wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Israel Adéùsì. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba lójú títì ọlọ́dà, kí ni awakọ̀ tí mọ́tò ẹ̀ rì sínú igbó lóru máa wí? Ó ní, "Kì í ṣe jíìpù ni mò ń wá, Ìyá Ìbejì. Igbe obìnrin yẹn ò tíì kúrò létí mi ni."

Ìyàwó ẹ̀ jókòó. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ẹ̀ ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí? Ó dáa. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. Bó bá lè yọ obìnrin bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, màá fi owó mi sí i. Bí kò bá sì lè yọ ọ́, ₦600,000 mi ò ní lọ síbẹ̀."

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n lọ bá kì í ṣe aláriwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Bàbá Ìbejì. Ó ní, "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé táyà ló yọ̀ ni, àbí ikùn mọ́tò ló jókòó?" Bàbá Ìbejì ò lè dáhùn. Nínú òkùnkùn àti òjò, ta ló ń wo ikùn mọ́tò? Ni wọ́n bá gun ọ̀kadà, ó di ibi odò náà.

Kò sí òjò lọ́jọ́ yẹn, gbogbo nǹkan hàn kedere. Àwọn agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde ti fi táyà ńláńlá wọn gbẹ́ ojú ọ̀nà náà sí poro méjì, òkìtì ilẹ̀ pupa sì wà láàrin bí ebè iṣu. Ọ̀gá mẹkáníìkì ki igi bọ inú poro náà, ó wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún ẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo igi yìí. Ikùn Sienna ò ga tó báyìí. Bí táyà yín bá ti bọ́ sínú poro yìí, ikùn ọkọ̀ á jókòó lé ebè àárín. Bí ikùn bá sì ti jókòó, táyà ò tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Táyà méjì tó ń yí lásán àti mẹ́rin tó ń yí lásán, kí ló fi yàtọ̀? Epo tí ẹ máa jó ni."

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń pe fọ́wíìlì ní gbàrọgùdù, ó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú mọ́tò, irin kan wà láàrin táyà méjì tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn, kí táyà ẹ̀gbẹ́ òde lè sáré ju ti inú lọ bí mọ́tò bá ń yà ní kọ́nà. Iṣẹ́ ire ni irin yẹn ń ṣe lórí títì. Nínú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ibi tó bá rọrùn lagbára máa ń gbà lọ. Táyà tó wà lórí ibi tó ń yọ̀ á máa fò bí òkòtó, èyí tó dúró lórí ilẹ̀ líle á kàn máa wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa táyà mẹ́rin, tí méjì bá ń yọ̀ níwájú, ó ṣeé ṣe kí ti ẹ̀yìn rí ilẹ̀ dì mú. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba èèyàn níbi tí ilẹ̀ bá yọ̀ ṣùgbọ́n tí kò jìn, pàápàá lórí òkè. Níbi tó bá ti jìn, gíga ikùn mọ́tò ló ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé Sienna lásán, èyí tó ń fa táyà iwájú, á wá lè gòkè tó wà níwájú yẹn?" Ó ní bó bá kó iṣu sẹ́yìn, ó lè má gùn ún. Ẹrù máa tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, iwájú tí agbára wà á fúyẹ́, táyà á sì máa ha ilẹ̀. Ẹ̀yìn ni Hiace àtijọ́ yẹn ń fà ní tiẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni táyà tó ń ṣiṣẹ́ ń tẹlẹ̀ sí i. Ó wo Bàbá Ìbejì, ó ní, "Ṣé ẹrù wà nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Kò sí. Aláboyún kan àti ọkọ ẹ̀ nìkan ni. "Táyà yín ńkọ́?" Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Táyà náà ti dán bí orí apárí.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ìbejì pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Quebec, ní Canada, lórí WhatsApp. Ó ní ẹni tó ń gbé nínú yìnyín ló yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ṣe nítorí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́ tóun dé ibẹ̀, fọ́wíìlì lòun náà sáré rà. Òun ń kọjá lára àwọn èèyàn fẹ́ú, òun rò pé òun ti borí yìnyín. Lọ́jọ́ kan òun tẹ bíréèkì, mọ́tò ò dúró, ó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́ títí tó fi lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò ẹlòmíràn. Ó ní, "Àbúrò, fọ́wíìlì á bá ọ lọ o, àmọ́ kì í bá èèyàn dúró. Bíréèkì mẹ́rin ni gbogbo mọ́tò ní. Táyà ló ń dì mú ilẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún 2008 ni òfin Quebec ti ní kí gbogbo mọ́tò tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ máa wọ táyà òtútù nígbà yìnyín. Ọjọ́ 15, oṣù kejìlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fà á ṣíwájú sí ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá lọ́dún 2019. Títí di ọjọ́ 15, oṣù kẹta ni. Òfin náà ò sọ pé dandan ni kí ẹnikẹ́ni ra fọ́wíìlì. Ìjọba tó ń rí yìnyín lọ́dọọdún wò ó títí, táyà ni wọ́n fòfin gbé.

Ẹ̀gbọ́n yẹn tún sọ ohun mìíràn tó jẹ́ kí Bàbá Ìbejì dìde jókòó. Níbi tí yìnyín bá ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kó lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á máa jẹ irin abẹ́ mọ́tò díẹ̀díẹ̀. Òkè mọ́tò á máa dán bíi dígí, abẹ́ ẹ̀ á ti dípẹtà. Mọ́tò tó ń fa táyà mẹ́rin sì ni àwọn tó ń gbé nínú yìnyín sábà máa ń rà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra irú ẹ̀ ní tòkunbọ̀, ẹ má kàn wo kámúkámú àti rédíò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ fi irin kan irin.

Ó tún ku àwọn àléébù kan tí ẹni tó ń ta mọ́tò kì í sọ. Nínú Sienna alátáyà mẹ́rin ti ọdún 2004 sókè yẹn, irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ti gba ibi tó yẹ kí sípéà táyà wà. Táyà tó lè rìn díẹ̀ bó tilẹ̀ jò ni wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́, kò sí sípéà. Ẹ wo ọ̀nà abà, kí táyà jò, kó má sì sí sípéà. Bákan náà, mọ́tò bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ kí táyà ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bí mẹ́ta bá ti jẹ, tí ẹ wá lọ ra ẹyọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀kan á ga ju ìyókù lọ, wọ́n á máa bára wọn jà, ìjà náà á sì máa jẹ irin inú. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń ra táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láàrin àwa tí à ń fi ìyà jẹ owó? Bí irin inú bá sì kọṣẹ́, ó lè di Ládípọ̀ l'Èkó kí ẹ tó rí i. Mọ́tò á sùn, alájẹṣẹ́kù ò ní sùn.

Ká wá mú ti epo kúrò níbẹ̀. Mọ́tò tó ń fa táyà mẹ́rin wúwo jù, ó sì máa ń mu epo díẹ̀ ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà kan, díẹ̀ yẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ kí wọ́n tó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó ₦200. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá ₦480. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 lọ́pọ̀ ibi. Ohun tí èèyàn nílò lọ́jọ́ mélòó kan lọ́dún, tó wá ń sanwó ẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kó jókòó kà á.

Ìyá Ìbejì kà á lóòótọ́. Ó mú ìwé tó fi ń kọ gbèsè gàárì, ó ní kí ọkọ òun ka ọjọ́ tí ẹrọ̀fọ̀ dá a dúró lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kà á títí, ó jẹ́ mọ́kànlá. Bàbá Ìbejì ní, "Mọ́kànlá ò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn máa kú." Obìnrin náà ní, "Mo gbọ́. Ibo lọ́kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣẹlẹ̀?" Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìgbà mẹ́jọ nínú mọ́kànlá, ibi odò yẹn náà ni. Ojú ibi kan ṣoṣo, tí kò gùn ju ilé méjì lọ.

Ni obìnrin náà bá pa ìwé dé. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, a ò nílò mọ́tò tó máa ja ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ká tún ṣe. Bí ẹ bá ra fọ́wíìlì, tó tiẹ̀ kọjá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kọjá. Bó bá wá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ lọ s'Ọ̀wọ̀ ni ẹlòmíràn rọbí ńkọ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe parí ẹ̀. Wọ́n ra Sienna lásán fún ojú títì, kó máa gbé èrò Ùpenmẹn sí Ọ̀wọ̀. Wọn ò ta Hiace àgbà, torí owó tí wọ́n fẹ́ẹ́ fún wọn lórí ẹ̀ ò ju owó irin lọ. Nínú ₦600,000 yẹn, wọ́n ra táyà méjì tí ojú ẹ̀ jìn, tí àlàfo ẹ̀ fẹ̀, sí ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ra okùn tó nípọn àti ṣọ́bìrì, wọ́n tún ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe, ó di ti ọ̀nà oko. Ọ̀gá mẹkáníìkì kọ́ Bàbá Ìbejì láti wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà kó tó sanwó. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọdún. Bó bá jẹ́ 3519, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó tún kìlọ̀ fún un pé kó má ra táyà tí wọ́n ya òkè àti ẹyọ yìnyín sí lára. Táyà òtútù nìyẹn, rọ́bà ẹ̀ rọ̀, oòrùn wa á jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Èyí tó ṣẹ́ kù ni Ìyá Ìbejì kó lọ sípàdé àwọn abà. Ó sọ iye tí òun àti ọkọ òun ní lọ́wọ́, ó sì bi wọ́n pé èló ni tiwọn. Àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ dá tiwọn. Àwọn ọlọ́kadà dá tiwọn. Àwọn oníkòkó ráhùn, wọ́n dá tiwọn. Àwọn onígẹdú tí agbégilódò wọn gbẹ́ poro yẹn gbé òkúta wẹ́wẹ́ wá lẹ́yìn tí wọ́n ti bá wọn ṣàríyànjiyàn dé gbẹ̀ǹdẹ́kẹ. Wọ́n ra páìpù kọ́ńkéré tí omi máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, wọ́n jáde ní Sátidé méjì, wọ́n wó ebè àárín lulẹ̀, wọ́n sì kún poro méjèèjì.

Ó yẹ kí ẹnì kan bèèrè pé, ṣé iṣẹ́ wọn ni? Rárá o. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní kedere pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ṣíṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ àti títún un ṣe. Láyé Ọ̀gágun Babangida, lọ́dún 1986, odidi àjọ kan, ìyẹn DFRRI, ni wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọ̀nà ìgbèríko. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà láìgba ọ̀dọ̀ gómìnà. Nítorí náà, kí àwọn tó wà nípò l'Ọ̀wọ̀ àti l'Ọ̀sẹ́ má rò pé wọ́n ti bọ́. Òkúta táwọn èèyàn dà síbẹ̀, ìtìjú ẹlòmíràn ni. Bí òjò ọdún méjì bá rọ̀ sí i láìsí ẹni tó tún un ṣe, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra fọ́wíìlì. Ẹni tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gun òkè tó ń yọ̀, tí ọ̀nà ẹ̀ gùn tí kò sì lópin, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ dókítà ìgbèríko, Àmọ̀tẹ́kùn tàbí onígẹdú, kó rà á. Ṣùgbọ́n kó ra èyí tí ikùn ẹ̀ ga, irú pikọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún igbó, kó má ra èyí tí wọ́n ṣe fún yìnyín. Ìyókù wa, ká kọ́kọ́ wo táyà wa, ká ka ọjọ́ wa, ká lọ wo ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ gan-an. Ó lè jẹ́ pé ibi kan péré ni.

Bí òjò oṣù kẹsàn-án ṣe dé lọ́dún yẹn, Hiace àgbà tún rì lẹ́ẹ̀kan, níbòmíràn. Wọ́n fi ṣọ́bìrì yọ ọ́, kò ju wákàtí kan lọ. Ibi odò, kò rì mọ́.

Obìnrin tó rọbí lóru ọjọ́sí wà níbi iṣẹ́ ní Sátidé méjèèjì. Ó pọn ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn, ó se ẹ̀wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fetí kọ́ ògiri l'Ùpenmẹn náà wá. Ẹni tó pariwo jù nínú wọn pé obìnrin ló wà láàrin Bàbá Ìbejì àti ìyàwó ẹ̀, òun ni wọ́n fún ní òkúta tó tóbi jù láti gbé.